Kí Ẹ Tó Ra Dífárẹ́ńṣà Mìíràn: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ̀yìn Hilux àti Hiace, Tí A Sì Ń Mọ Axle Tó Tẹ̀

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han lẹ́yìn. Awakọ̀ ní dífárẹ́ńṣà, àpótí jíà tó wà láàárín axle ẹ̀yìn tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, ló ti bàjẹ́. Wọ́n lọ sí Gate, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ n'Íbàdàn, wọ́n ra tòkúnbọ̀, wọ́n dì í mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ bọ́ sí títì, ariwo náà tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì Hiace kan wọ ọgbà iṣẹ́ wa báyìí: ẹni tó ni ín ti ra orí dífárẹ́ńṣà méjì, owó sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a wọn àlàfo tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ti apá iwájú wọn fi mílímítà 9 ju ti apá ẹ̀yìn wọn lọ. Ilé axle, irin ńlá tí ọ̀pá tó ń yí táyà wà nínú rẹ̀, ló ti tẹ̀. Táyà ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ nílẹ̀, orí rẹ̀ ti jẹ ṣákaṣàka, òun ló ń kùn tí wọ́n ń pè ní dífárẹ́ńṣà. Kò sí orí dífárẹ́ńṣà kankan l'ọ́jà tó lè wo ìyẹn sàn.

Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin odindi kan láti táyà dé táyà ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí, irú èyí tí ó wà lábẹ́ Hilux àti Hiace. Ariwo ni a ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí, lẹ́yìn náà ọ́ìlì, lẹ́yìn náà axle. Ẹ má ṣe fò ìkankan nínú wọn.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ọ́ìlì jíà tí wọ́n kọ GL-5 sí lára, 80W-90 tàbí 85W-90, bí ìwé ọkọ̀ yín bá ṣe wí. Ẹ ra lítà 4. Ó lè ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n kò dáa kí ọ́ìlì tán nígbà tí ihò ṣì ṣí sílẹ̀.
- Spánà 24 onírin gígùn. Àwọn nọ́ọ̀tì kan ń lo kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà 10, nítorí náà ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín kí ẹ tó lọ ra nǹkan kan.
- Wáṣà tuntun méjì fún nọ́ọ̀tì òkè (ibi tí a ń gbà rọ ọ́ìlì) àti ti ìsàlẹ̀ (ibi tí a ń gbà dà á sílẹ̀).
- Jáàkì, sítáńdì méjì tó lágbára, àti igi tàbí òkúta ńlá mẹ́rin fún táyà iwájú.
- Abọ́ tó fẹ̀, rọ́bà gígùn tàbí páńpù ọwọ́ fún ọ́ìlì, kẹrosíìnì, àkísà tó mọ́.
- Ṣọ́ọ̀kì, wáyà líle kan, téèpù, okùn tí bíríkìlà fi irin so sí ìdí, tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí aago ìwọ̀n onítọ́ka tí àwọn tọ́nà (àwọn tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ) fi ń wọn ìyàtọ̀ kékeré yá, ẹ yá a.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun sókè, ẹ fi eléyìí sọ́kàn. Hándíbíréèkì, táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú. Jíà P àti jíà kìn-ín-ní náà, táyà ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń dì mú. Ní wéré tí ẹ bá ti gbé ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kò sí ohun tó di ọkọ̀ mú mọ́ àyàfi òkúta tí ẹ fi há táyà iwájú, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le. Jáàkì nìkan kò tó. Sítáńdì ni ẹ̀dá ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tẹ́tí sí i kí ẹ tó tú nǹkan kan

Ẹ wá ọ̀nà tó gùn tó sì dákẹ́, kí ẹlòmíì jókòó sẹ́yìn kó máa gbọ́, kí ẹ̀yin máa wakọ̀. Ẹ sá eré dé kìlómítà 60 sí 80 ní wákàtí, kí ẹ tẹ toró (ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré), lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Bí ó bá ń han nígbà tí ẹ tẹ toró, tí ohùn náà sì yí padà tàbí tí ó dákẹ́ nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ náà wà nínú dífárẹ́ńṣà lóòótọ́: eyín crown (jíà ńlá inú rẹ̀) àti pinion (jíà kékeré tí pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ti jíàbọ́ọ̀sì wá, ń yí), tàbí bíárìn pinion. Bí ó bá ń kù rìrì, tí títẹ toró tàbí àìtẹ̀ ẹ́ kò yí i padà, ṣùgbọ́n tí ó pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá rọra yí ọwọ́ ọkọ̀ sí apá kan, bíárìn ẹsẹ̀ táyà ni. Èyí tó dún kìkì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà wá láti ara àwọn jíà kéékèèké inú dífárẹ́ńṣà. Èyí tó dún gbà! lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá fi ọkọ̀ sí jíà tàbí tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ lọ wo agbélébùú pùròpẹ́là (irin olórí mẹ́rin tó wà níbi oríkèé rẹ̀) kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹlòmíì.

Táyà ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn lọ síwájú, ẹ gbé ti iwájú wá sẹ́yìn, ẹ tún wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà kan náà. Bí ohùn bá bá táyà lọ, ẹ ti rí owó dífárẹ́ńṣà yín gbà padà.

*Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí pé?* Ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan: ìgbà wo ló ń dún, ìgbà wo ló ń dákẹ́. Bí ẹ kò bá tíì lè kọ ọ́, ẹ tún padà sójú títì.

Ìgbésẹ̀ 2: Abẹ́ ọkọ̀

Lórí irin axle, ẹ máa rí ẹnu kékeré kan tí atẹ́gùn ń gbà jáde, breather ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ wa níbí, eruku pupa àti ẹrẹ̀ òjò ló máa ń dí i pa. Bí ó bá dí, ooru inú axle kò rí ọ̀nà jáde, ó sì máa ti ọ́ìlì gba ara síìlì (rọ́bà tó ń dènà jíjò). Èèyàn á pààrọ̀ síìlì lẹ́ẹ̀mẹta, á tún máa jò. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ìdérí rẹ̀ máa yí fàlàlà lábẹ́ ìka.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ibi mẹ́ta: iwájú tí pùròpẹ́là ti wọ dífárẹ́ńṣà, eteetí ibi tí orí dífárẹ́ńṣà ti so mọ́ axle, àti inú táyà méjèèjì lẹ́yìn dúróòmù bíréèkì. Bí inú táyà bá tutù, ẹ má kàn sọ pé ọ́ìlì dífárẹ́ńṣà ni. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ bu omi sí i. Ọ́ìlì bíréèkì á ṣàn bá omi lọ. Ọ́ìlì jíà á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, á sì máa rùn bí imí ọjọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ má wa ọkọ̀ náà jìnnà: ọ́ìlì lórí bíréèkì kì í jẹ́ kó mú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ nu gbogbo ibi tó tutù gbẹ, ẹ wakọ̀ bíi kìlómítà 10, ẹ tún wò ó. Ibi tó kọ́kọ́ tutù ni orísun rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Pípààrọ̀ ọ́ìlì

Ìrìn kìlómítà 10 yẹn ti mú kí ọ́ìlì gbóná, ó sì ti ru ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ sókè. Ìgbà náà ló yẹ ká tú u. Kí ọkọ̀ dúró gbọọrọ, kí iwájú àti ẹ̀yìn wà ní ọ̀gbọọgba; bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn nìkan sókè, ìwọ̀n ọ́ìlì máa purọ́ fún yín.

Nọ́ọ̀tì òkè ni ẹ máa kọ́kọ́ tú. Mo tún un sọ: nọ́ọ̀tì òkè. Mo rí ọmọ iṣẹ́ kan tó da gbogbo ọ́ìlì sílẹ̀ kó tó dé orí èyí tí a ń gbà rọ ọ́ìlì. Kò tú. Orí nọ́ọ̀tì di róbótó lábẹ́ spánà, ilẹ̀ ṣú, ọkọ̀ tí kò ní ọ́ìlì sì dúró sójú kan di ọjọ́ kejì tí oníwẹ́dà fi wá. Bí nọ́ọ̀tì òkè bá kọ̀, tí ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú, ẹ ṣì lè rọra wa ọkọ̀ lọ bá ẹni tí yóò tú u.

Bí òkè bá ti tú, ẹ gbé abọ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ tú ti ìsàlẹ̀, ẹ fún un láyè kó kán tán. Ẹ wá ka ọ́ìlì náà bí ìwé. Ẹ fi sáàárín ìka méjì, ẹ gbé e síwájú oòrùn. Bó bá dúdú, kò burú, iṣẹ́ ló ṣe. Bó bá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọlé; ọkọ̀ tó bá la àgbàrá kọjá tí omi sì bo axle rẹ̀ sábà máa ń ní in. Lórí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, lẹ́búlẹ́bú kíkúnná bíi tìróò kì í ṣe ìbẹ̀rù. Àmọ́ bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń gún ìka, tàbí ègé tó ní igun bí eyín, ẹ má rọ ọ́ìlì tuntun lé e kí ẹ máa lọ. Ẹ ní láti ṣí orí dífárẹ́ńṣà.

Ẹ nu nọ́ọ̀tì, ẹ fi wáṣà tuntun sí i, ẹ di ti ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, agbára 49 N·m ni wọ́n fi ń dì í. Ẹni tí kò ní spánà tó ń wọn agbára, kó fi ọwọ́ dì í títí yóò fi le dáadáa, kó má fi páìpù kún spánà. Ẹ wá rọ ọ́ìlì láti òkè títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà jáde lẹ́nu ihò náà. Ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kó fara balẹ̀, ẹ fi ìka tẹ́ inú ihò: ọ́ìlì kò gbọdọ̀ ju mílímítà 5 lọ nísàlẹ̀ etí rẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tàbí GL-4 ti jíàbọ́ọ̀sì, nítorí ó wà nílẹ̀. Eyín crown àti pinion ń yọ̀ lórí ara wọn bí wọ́n ṣe ń yí, agbára ńlá sì ń tẹ̀ wọ́n pọ̀. GL-5 ni wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí dífárẹ́ńṣà yín bá jẹ́ irú tó ń di táyà méjèèjì pọ̀, tí wọ́n kọ LSD sí, ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀, ara nọ́ọ̀tì tàbí inú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Àwọn tó ń tajà pẹ̀lú ẹ̀tàn tún máa ń da ìyẹ̀fun pákó sínú dífárẹ́ńṣà kí ariwo lè rọlẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ọ́ìlì tó dà jáde, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yà ara tó ti kú ni wọ́n tà fún yín.

Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ fi pípààrọ̀ ọ́ìlì yìí sí nǹkan bíi kìlómítà 40,000. Ọkọ̀ tó ń ru ẹrù wúwo tàbí tó ń rin omi, ẹ pín in sí méjì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Bí páálí bá gbẹ, ó tán.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọwọ́ lára pinion

Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì sókè lórí sítáńdì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kìn-ín-ní tàbí P. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà kan síwájú. Nínú dífárẹ́ńṣà lásán, táyà kejì máa yí sẹ́yìn. Bó bá kọ̀ tí méjèèjì le gan-an, LSD ni, tàbí nǹkan ti há nínú. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ fi sí jíà nígbà tí táyà kan ṣoṣo wà lókè: bó bá jẹ́ LSD, táyà tó wà nílẹ̀ máa ti ọkọ̀ já kúrò lórí jáàkì.

Ẹ wá gbá irin tí pùròpẹ́là so mọ́ mú, ẹ mì í lọ sókè sódò. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Bó bá mì, bíárìn pinion ti jẹ. Ẹ yí i síwá-sẹ́yìn: àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àyè tó wà láàárín eyín crown àti pinion nìkan, 0.13 sí 0.18 mílímítà ni nínú ọ̀pọ̀ dífárẹ́ńṣà Toyota, aago ìwọ̀n nìkan ló sì lè kà á. Ẹ má gbìyànjú láti fi ojú ṣe é.

Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí. Síìlì pinion ń jò, èèyàn á gbé spánà, á dì nọ́ọ̀tì pinion sí i kí ó má jò mọ́. Páìpù kékeré kan wà láàárín bíárìn méjèèjì níbẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe kó máa fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dì í, òun ló ń pinnu bí bíárìn ṣe máa le tó. Tó bá ti fún pọ̀ kọjá, kì í padà. Bíárìn á le jù, á gbóná, á jóná, ọkọ̀ tí síìlì nìkan ń dààmú tẹ́lẹ̀ á wá nílò gbogbo orí. Síìlì tó ń jò, ẹ pààrọ̀ síìlì. Ẹni tó bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì pinion gbọ́dọ̀ fi páìpù tuntun sí i, kó sì wọn líle bíárìn nígbà tó bá ń dì í padà. Bí mẹkáníìkì yín kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ nígbà tí ẹ bá dárúkọ páìpù yìí, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ síbòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ríìmù ni, ọ̀pá axle ni, àbí ilé axle?

Ohun mẹ́ta ló lè tẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì ṣe bákan náà. Ríìmù tó tẹ̀ àti ọ̀pá axle tó tẹ̀ ń yí lọ pẹ̀lú táyà, nítorí náà táyà máa ń jó bó ti ń yí. Ilé axle kì í yí. Bó bá tẹ̀, táyà á yí gún régé bí ti tuntun, ṣùgbọ́n ibi tó kọjú sí kò tọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá kàn ń wo táyà tó ń yí kò fi ní rí ilé axle tó tẹ̀ láé.

*Ọ̀pá tàbí ríìmù.* Táyà ṣì wà lókè, ẹ gbé jíà sí N, kí táyà lè máa yí. Ẹ so wáyà líle mọ́ sítáńdì kan tí kò ní mì, kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ríìmù. Ẹ rọra yí táyà. Ibi tí ríìmù ti sún mọ́ wáyà jù, tí ẹ gbọ́ tó ha á ṣẹ́rẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí etí ríìmù níbẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí bóòtì axle tó kọjú sí i. Ẹ tú ríìmù, ẹ fọ ìpata kúrò lójú tó ti kan axle, nítorí ẹrẹ̀ gbígbẹ kan péré níbẹ̀ tó láti mú kí táyà jó. Bí ó bá jẹ́ oníhò 6, ẹ sún un síwájú ihò 3; bó bá jẹ́ 5, ihò 2. Ẹ dì í padà, ẹ tún yí i. Tí ibi tó ń ha wáyà bá tẹ̀ lé àmì ara ríìmù, ríìmù ló tẹ̀. Tí ó bá dúró síbi àmì ara bóòtì, ọ̀pá axle ni, tàbí ojú rẹ̀ tí ríìmù ń so mọ́.

Tó bá tọ́ka sí axle, ẹ tú ríìmù àti dúróòmù, ẹ gbé aago ìwọ̀n sójú axle níbi etí rẹ̀, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ọkọ̀ yín máa sọ ibi tí ààlà wà. Mílímítà 1 lójú axle á pọ̀ sí i kó tó dé etí táyà, ẹsẹ̀ yín á sì mọ̀ ọ́n lórí bíréèkì tó ń lù yín padà.

*Ilé axle.* Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí símẹ́ńtì tó tẹ́jú, ẹ tì í síwájú díẹ̀ kí sípírìǹgì fara balẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín gbùngbùn táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ní apá iwájú táyà, ní gíga tó bá àárín ríìmù dọ́gba. Ẹ ju okùn bíríkìlà sílẹ̀ láti ibi àmì náà, ẹ fi ààmì sílẹ̀ níbi tí irin ìdí rẹ̀ bá kàn, kí ẹ wọn láti ààmì ilẹ̀ kan dé èkejì. Ẹ wá ti ọkọ̀ síwájú títí tí àmì ṣọ́ọ̀kì kan náà yóò fi bọ́ sẹ́yìn táyà, ní gíga kan náà, kí ẹ tún ju okùn, kí ẹ tún wọn. Àmì kan náà la lò ní ìgbà méjèèjì kí ríìmù tó bá tẹ̀ má bàa tàn wá. Iye méjèèjì yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ bá ju mílímítà 3 lọ, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì dúró bẹ́ẹ̀, ilé axle ti tẹ̀.

Kòtò tí táyà kọlù pẹ̀lú eré máa ń ti axle sẹ́yìn, iwájú táyà á sì ṣí sóde. Ẹrù àpọ̀jù ń gbé ìkangun axle sókè, orí táyà méjèèjì á tẹ̀ sínú, etí inú lọ́hùn-ún ni wọ́n á sì ti jẹ. Ẹ ju okùn láti orí táyà wá sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan wé èkejì.

Kí ẹ tó dá axle lẹ́bi, ẹ wọn láti àárín ìkangun axle dé èèkàn tó di iwájú sípírìǹgì ẹ̀yìn mú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bóòtì àárín sípírìǹgì ló ti já tí axle sì ti yẹ̀ kúrò lójú àyè rẹ̀. Bóòtì yẹn kò wọ́n rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọn ìwọ̀n yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíì wọn ìkẹta láìgbọ́ iye tí ẹ rí.

Ìgbésẹ̀ 6: Tó bá ti tẹ̀ lóòótọ́

Ọ̀pá axle tó tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná wẹ́dà tọ́ ọ. Líle tí ó fi ń gbé ọkọ̀ wà lójú rẹ̀, iná á sì yọ́ ọ kúrò. Ó lè gún lójú tán, kó ṣẹ́ sójú títì lọ́la, kí táyà já jáde pẹ̀lú dúróòmù. Ilé axle, ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ní tútù ni kó tọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ wá òmíràn.

Ní ọjà Ladipo l'Ékòó tàbí Gate, ẹ gbé okùn tín-ín-rín lọ. Ẹ fa á láti ẹnu ilé axle kan dé èkejì kí ẹ tó sanwó. Ẹ yí ọ̀pá axle lórí ilẹ̀ títẹ́ tàbí gíláàsì, kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí orí dífárẹ́ńṣà ni ẹ ń rà, ẹ ka eyín: 41 lára crown àti 10 lára pinion jẹ́ 4.1, 43 àti 11 jẹ́ 3.909. Kó bá ti ọkọ̀ yín mu. Nínú Hilux tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn bá yàtọ̀, jíàbọ́ọ̀sì ló máa san gbèsè rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dì gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wa ọkọ̀ fún kìlómítà 15 láìfi bẹ́ẹ̀ lo bíréèkì, ẹ dúró, ẹ sún ọwọ́ mọ́ dúróòmù méjèèjì láì fọwọ́ kàn án. Ooru wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà ẹ wo nọ́ọ̀tì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ wo inú táyà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ yọ páálí jáde lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sójú oòrùn.